Ẹ Yé Gbé Jíìpù Sókè Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín tó ń dé tilé-toko, kí n fi bá àwọn tó ń lo jíìpù àtijọ́ sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń fi Land Rover kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde nínú oko. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo fi jẹun fún ọdún 34 kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọkọ̀ tí mo tú palẹ̀ tó Land Rover Series III, èyí tí wọ́n ṣe láti 1971 títí di 1985.

Ohun tí mò ń rí lóde báyìí ń kọ mí lóminú. Bí ẹnìkan bá ti ní irú ọkọ̀ yìí, bóyá ó rà á ni o, bóyá bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò bá mẹkáníìkì sọ ni pé, "Ẹ bá mi gbé e sókè." Ẹ bi í léèrè pé kí ló fẹ́ máa fi kó, kò mọ̀. Ó ṣáà fẹ́ kó ga ju ti ọ̀rẹ́ òun lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà kò ní í jiyàn, owó ni wọ́n ń wá. Wọ́n á pààrọ̀ ṣákù, ìyẹn irin tó so etí sípíríǹgì mọ́ ṣásí, wọ́n á fi èyí tó gùn sí i. Wọ́n á yọ abala sípíríǹgì lára lọ́rì kún tirẹ̀, ọkọ̀ á sì fi ínṣì 5 tàbí 6 ga sí i. Wọ́n á ní ọ̀nà oko ló burú.

Lóòótọ́ ni ọ̀nà oko burú. Ṣùgbọ́n kí ló ń ha ilẹ̀ lábẹ́ Land Rover? Kókó gbàǹgbà tó wà lára axle ni, níbi tí gíà ìdí ọkọ̀ wà. Axle yìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló so mọ́. Ẹ gbé ara ọkọ̀ sókè kó ga tó òkè Ìdànrè, kókó yẹn ò ní í kúrò níbi tó wà. Táyà nìkan ló lè gbé e. Ẹni tó bá yọ táyà 6.00-16 lára Land Rover kúkúrú, tó fi 7.50-16 sí i, axle rẹ̀ á fi bí ínṣì 1 àbọ̀ jìnnà sílẹ̀ sí i láìfọwọ́ kan sípíríǹgì rárá. Kó ṣáà yí sítíàrì dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kó wò ó bóyá táyà ń ha nǹkan.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé ara ọkọ̀, ínṣì 1 sí 2 ti tó. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, pùròpẹ́là á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á máa gbọ̀n. Rọ́bà búréèkì á nà tán nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá já sí kòtò. Ṣákù gígùn ni mo tilẹ̀ kórìíra jù: ẹni tó fi ínṣì 2 kún ṣákù, bí ínṣì 1 péré ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi ga, ṣùgbọ́n ó ti yí ojú axle iwájú padà kúrò bí àwọn tó ṣe é ṣe tò ó, sítíàrì á sì mọ̀ ọ́n lára.

Èyí tó lè pààyàn níbẹ̀ ni dídojúdé. Fífẹ̀ Land Rover yìí ò ju ínṣì 66 lọ. Gíga rẹ̀ ti ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wá fi ínṣì 6 kún un, ẹ kó àpò kòkó 10, tó ju kìlógíráàmù 600 lọ, sẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún jẹ́ kí àwọn obìnrin àtọmọdé jókòó lórí àpò. Mo ti rí ọ̀kan tó dojú dé bẹ́ẹ̀ ní kọ́nà kan tí kì í ṣe ibi eré rárá. Itan ìyá kan kán, Ọlọ́run ló yọ ọmọ tó pọ̀n. Awakọ̀ wá ń bú ọ̀nà. Ọ̀nà kọ́ o jàre!

Báwo la ṣe wá ń yan sípíríǹgì? Ẹrù la fi ń yàn án, kì í ṣe gíga. Ẹrù ojoojúmọ́ ni mo sì ń wí. Ẹni tó ń kó kòkó ní ìgbà mẹ́ta péré lọ́dún, tó jẹ́ òun àtìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àdá àti apẹ̀rẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yòókù, kí ló fẹ́ fi sípíríǹgì lọ́rì ṣe? Sípíríǹgì tó le ju ẹrù lọ kì í tẹ̀. Ọkọ̀ á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, táyà ò ní í di ilẹ̀ mú, ṣásí á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé bí abala bá nípọn ní ìlọ́po 2, líle rẹ̀ náà á di ìlọ́po 2. Rárá o. Bí gígùn àti fífẹ̀ wọn bá dọ́gba, ìlọ́po 8 ni.

Ohun kan tún wà tí púpọ̀ ò mọ̀. Sípíríǹgì Land Rover kì í dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ máa ń ga ju èkejì lọ kí a tó dè é, nítorí apá ibẹ̀ ló ń wúwo jù. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó. Àwa níbí, láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ti ní ká máa gba apá ọ̀tún títì, ọwọ́ òsì ni awakọ̀ wa ń jókòó. Nítorí náà, bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n kọ "ọ̀tún" sí lára láti Ìlú Ọba, ẹ béèrè bóyá ti ọwọ́ awakọ̀ ni wọ́n ń wí. Mo ti rí ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́ tuntun, síbẹ̀ tó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ohun tó fà á kò ju èyí lọ.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ tú èyí tó wà níbẹ̀. Bí àwọn abala bá ti dípẹtà mọ́ ara wọn, wọ́n á gan, ọkọ̀ á le. Ẹ ha ìpẹtà náà kúrò, ẹ fi gíríìsì sí i, ẹ lè má ra nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kì í bọ iná lẹ́bàá títì pé òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Bí wọn ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ti irin bẹ́ẹ̀ bọ epo kí wọ́n sì tún yá a níná níwọ̀nba, rírọ̀ ni yóò rọ̀, yóò tún wọlẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irin yìí dáadáa, òun ni wọ́n fi ń rọ àdá. Sípíríǹgì tó ti kú, ẹ gbé e fún wọn kó di àdá.

Bí wọ́n bá ń de tuntun, ẹ dúró tì wọ́n. Kí wọ́n má fún nọ́ọ̀tì ṣákù pa nígbà tí jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ sókè. Kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kó fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀, kí wọ́n tó fún un pinpin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ búùṣì rọ́bà inú rẹ̀ á ya. Yúbọ́ọ̀tì, tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì padà wá tún un fún bí ẹ bá ti fi ọkọ̀ náà lọ oko bọ̀ nígbà mélòó kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì,
Oǹdó.