Iṣẹ́ Pásítọ̀ Kì í Ṣe Ibi Ìsádi Ẹni Tó Fìdí Rẹmi



Bí èsì ìdánwò bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn kan nínú wa: "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, èmi á kúkú di pásítọ̀." A máa ń fi rẹ́rìn-ín ni, àmọ́ àwọn kan ò fi ṣàwàdà. Jíìpù ni wọ́n ń rò, àti kóòtù olówó ńlá. Lójú tèmi, ẹni tó ń rò bẹ́ẹ̀ ò tíì gbọ́ ìtàn Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá dáadáa.

Odò-Ọ̀wá, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1904. Nígbà tó dàgbà, ó di awakọ̀ rólà tí wọ́n fi ń tẹ títì, lábẹ́ PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà. Lóṣù Kẹwàá 1928, ẹnu iṣẹ́ yìí gan-an ló wà nígbà tó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun. Ẹ kíyè sí i o: kì í ṣe pé kò ríṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olówó oṣù, ló fi sílẹ̀. Àìríṣẹ́ ṣe kọ́ ni ìpè.

Kí ló wá bá níwájú? Lóṣù Keje 1930, ìsọjí Òkè-Oòyè n'Íléṣà kó èrò jọ láti ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ lọ́dún 1932, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n jù ú sí ní ìlú Bìní. Ó jáde tán, ó tún padà sẹ́nu ìwàásù. Ẹnu rẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní Ẹdẹ lọ́jọ́ 26 oṣù Keje 1959, lẹ́ni ọdún 55.

Ẹnì kan á ní: "Babalọlá fúnra rẹ̀ ṣáà ò kàwé púpọ̀." Òótọ́ ni, Sítáńdáàdì Kẹrin ló dé. Àmọ́ ìjọ CAC tí ìsọjí rẹ̀ bí kọ́ ilé ìwé sí ìlú púpọ̀, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà ní Ìkejì-Arákejì lónìí. Ẹ tún wo Pásítọ̀ W. F. Kumuyi. Tíṣà Máàsì ni, ó kọ́ni ní Mayflower n'Íkẹ́nnẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú èèyàn 15 lọ́dún 1973, Yunifásítì Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Máàsì tí à ń sá fún náà nìyẹn o!

Mi ò ní kí pásítọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn á nílò ọkọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kó pe èèyàn.

Ẹ rò ó wò ná. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá, bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ẹkún wọn lọ. Ẹni tó wọ iṣẹ́ náà torí owó, kí ló fẹ́ sọ fún wọn? Èyí tó kù lápò wọn ló máa gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà, ẹ ṣáà fi àáfà rọ́pò pásítọ̀.

Torí náà, nígbà tí olùkọ́ bá tún bi wá pé iṣẹ́ wo la fẹ́ ṣe lọ́la, kí ẹni tó bá pe pásítọ̀ dáhùn ìbéèrè kejì: kí lo ṣe tán láti fi sílẹ̀? Ẹni tó bá rí ìdáhùn, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ò bá rí, kó yáa lọ gbé ìwé Máàsì rẹ̀.