Ẹ̀tọ́ ni Super Falcons ń Bèèrè, Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, nílùú Rabat ní Mòrókò, àwọn onílé ti gbá góòlù 2 sáwọ̀n Super Falcons kí abala àkọ́kọ́ tó parí. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà kò mikàn. Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di ọ̀mì, nígbà tó sì ku díẹ̀ kí fèrè dún, Jennifer Echegini gbá ẹ̀kẹta wọlé. Bí Ife Ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà ṣe tún bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà nìyẹn, lẹ́ẹ̀kẹwàá.

Mílíọ̀nù 1 dọ́là ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, yà sọ́tọ̀ fún orílẹ̀-èdè tó bá gba ife náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí Ivory Coast na Super Eagles nínú àṣekágbá ti ọkùnrin, mílíọ̀nù 4 ni owó ẹni tó ṣe ipò kejì. Obìnrin borí, owó rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọkùnrin tó fìdí rẹmi lọ!

Àwọn kan yóò ní bọ́ọ̀lù ọkùnrin ló ń fa èrò, ibi tí èrò bá sì wà ni owó ń lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, bó bá jẹ́ ti owó CAF. Ṣùgbọ́n kí ni èrò ìwòran fẹ́ sọ nípa gbèsè tí wọ́n ń jẹ àwọn obìnrin wọ̀nyí nílé? Lọ́dún 2004, wọ́n gba ife ní South Africa, wọ́n sì kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì títí wọn yóò fi rí owó wọn. Lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí wọ́n na Cameroon mọ́lé nílùú Yaoundé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ábùjá láti fẹ̀hónú hàn. Lọ́dún 2022, nínú ìdíje kan náà, wọ́n kọ̀ láti gbára dì fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ipò kẹta. Lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2023, níbi tí wọ́n ti na Australia tó wà lára àwọn tó gbàlejò ìdíje náà, FIFPRO, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, kéde pé àwọn ń bá wọn jà fún owó tí apá kan rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 2021. Kò sí èyí tó jẹ́ owó Super Eagles nínú gbogbo rẹ̀. Owó tí wọ́n ti ṣe ìlérí fún wọn ni.

Ààrẹ Bola Tinubu kéde 100,000 dọ́là àti ilé oníyàrá 3 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́gun Rabat. Ó tọ́ sí wọn, ó sì yẹ kí a yìn ín. Àmọ́ ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fúnni, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá borí. Ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀ n'Íkòròdú, ìlú tó bí Asisat Oshoala, agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà, kò lè fi ẹ̀bùn Ààrẹ ṣètò ọjọ́ iwájú rẹ̀. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá bi í pé iṣẹ́ wo ló wà nínú bọ́ọ̀lù, kí ni yóò fi dá wọn lóhùn?

Amẹ́ríkà ti fi hàn pé irú ẹ̀tọ́ yìí ṣeé kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin wọn gbé àjọ bọ́ọ̀lù wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2019, àdéhùn ọdún 2022 mú kí ikọ̀ ọkùnrin àti ti obìnrin máa pín owó Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́gbọọgba. Ó yẹ kí NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, náà kọ iye owó àjẹmọ́nú àti ọjọ́ tí wọn yóò san án sílẹ̀, kí ó jẹ́ iye kan náà fún tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú kí ikọ̀ tó wọ bàálù.