Tábílẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Ojú Mẹ́mọ́rì, Ẹ Má Ná An

Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn nípa ẹ̀rọ ń sọ kiri pé nǹkan àtijọ́ ni mẹ́mọ́rì káàdì, pé ẹni tó bá ṣì ń bèèrè ojú mẹ́mọ́rì kó tó ra tábílẹ́ẹ̀tì, ojú onítọ̀hún ò tíì là. Ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí gbogbo wa máa kó iṣẹ́ wa sí. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, n ò sì ní fi bò: irọ́ gbáà ni. Tábílẹ́ẹ̀tì tí èèyàn fẹ́ fi ṣiṣẹ́ òòjọ́ n'Íbàdàn, n'Ílọrin tàbí l'Ájàṣẹ́, bí kò bá ti ní ojú tí a lè ki mẹ́mọ́rì bọ̀, kí olówó má wulẹ̀ ná an.

Ibo gan-an ló ní ká kó ẹrù wa lọ? Gígábáìtì 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ náà sì ni lẹ́tà, fọ́tò àti fáìlì jọ ń gbé. Ti Apple ò ju 5 lọ. Aránṣọ tó ń ya fọ́tò gbogbo iṣẹ́ tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀, oníwàásù tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, tíṣà tó ń kó fídíò ẹ̀kọ́ jọ, kò ní pẹ́ kún un, owó oṣooṣù á sì bẹ̀rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní owó yẹn ò tó nǹkan, dátà tí a ó fi gbé e lọ gbé e bọ̀ ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó lé owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100. Bí dátà tiẹ̀ wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máà sí: lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mélòó kan já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Ghana, ní Benin, ní Nàìjíríà, títí kan àwọn báńkì. Lọ́jọ́ yẹn, fáìlì inú mẹ́mọ́rì ṣí bó ṣe máa ń ṣí. Olùdámọ̀ràn wa ò mẹ́nu ba ìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iná ò kú mọ́ lórí rí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sá fún rí. Ta wá ni ojú rẹ̀ ò là o? Ṣé aránṣọ tó ṣí ọgọ́rùn-ún àwòrán aṣọ han oníbàárà láìbẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àbí ẹni tó ń na tábílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè lójú fèrèsé nítorí fọ́tò kan ṣoṣo? Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, tábílẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, jáde lọ́dún 2013, inú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sí, kí ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ dátà lè kàwé. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ nípa ètò náà, ọgbọ́n ibẹ̀ yẹn ò ṣeé jà níyàn.

Ó pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń yọ ojú mẹ́mọ́rì mọ́ wa lọ́wọ́. Samsung yọ ọ́ kúrò lára fóònù Galaxy S6 lọ́dún 2015, ó dá a padà sára S7 lọ́dún kejì, ó tún yọ ọ́ kúrò lára S21 lọ́dún 2021. Bó bá jẹ́ pé kò wúlò, kí ló dé tí wọ́n fi dá a padà? Láti 2010 tí iPad ti dé, kò ní in rí. Lọ́dún 2025, ẹni tó bá fẹ́ gígábáìtì 256 dípò 128 lórí iPad yóò fi 100 dọ́là kún owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ owó mẹ́mọ́rì gígábáìtì 128 ò súnmọ́ iye yẹn rárá. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé owó kọ́ ló dí ihò yẹn pa.

Wọ́n ní mẹ́mọ́rì ń bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi ẹ̀dà kan ṣoṣo síbi kan ṣoṣo, íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Wọ́n ní kò yá. Ẹ fi áàpù sílẹ̀ nínú tábílẹ́ẹ̀tì, ẹ kó fọ́tò, fídíò àti ìwé sínú káàdì. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi áàpù síbẹ̀ dandan, kó wá èyí tí wọ́n kọ A1 tàbí A2 sí lára. Àmì U3 túmọ̀ sí pé kíkọ fáìlì sínú rẹ̀ kò ní lọ́ra ju mẹ́gábáìtì 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tó fún fídíò. Tábílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mìíràn ò sì gbà ju 32 lọ, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ayédèrú ló ń ba mẹ́mọ́rì lórúkọ jẹ́: wọ́n á mú káàdì kékeré, wọ́n á yí ètò inú rẹ̀ padà kó máa parọ́ fún ẹ̀rọ pé 512 ni òun. Bí àyè tòótọ́ bá ti kún, orúkọ fáìlì á ṣì máa hàn, fáìlì ò ní ṣí. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le: ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw tàbí F3 á kọ nǹkan kún káàdì náà bámúbámú, á sì kà á padà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kí ẹ tó kó iṣẹ́ kankan sí i ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí ẹ sì ti bá ọlọ́jà ṣàdéhùn pé bó bá já sí ayédèrú, yóò dá owó yín padà. Èyí tí kò bá gbà, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.