Ìmọ̀ràn Wíìgì Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́: Ẹ Kọ Iye Rẹ̀ Sára Ògiri

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, àti ẹ̀yin baba tí ẹ ń sanwó, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká jọ yẹ̀ wò. Ó kan àwọn tó ń ṣe wíìgì ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èló ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tó wá gba ìmọ̀ràn? Èló ló sì yẹ kí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ san bí wọ́n bá pè wọ́n wá bá èèyàn mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé, “Owó kí ni? Ṣé a ó tún máa sanwó ẹnu ni?” Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ràn tí à ń pè ní ọ̀fẹ́, ẹnì kan ló ń san án. Oníbàárà tó ra wíìgì ló ń san án, nítorí oníṣòwò ti fi owó àkókò àwọn tó bèèrè tí wọn kò rà lé ọjà rẹ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó fi oṣù mẹ́ta tu owó jọ fún wíìgì kan ṣe ń sanwó fún ẹni tó wá dán mẹ́fà wò, tó sì wọkọ̀ lọ rà á ní Òṣogbo. Ìrẹ́jẹ ni, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó gbèrò rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹni tó fẹ́ dirí yóò jókòó síwájú onídìrí, yóò dárúkọ ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ìmọ̀ràn wà nínú owó iṣẹ́, nítorí ẹni tó gbà á náà ló ń dirí. Wíìgì yàtọ̀. Oníwíìgì gbọ́dọ̀ fi téèpù wọn orí, kó wo bí irun iwájú orí ṣe rí, kó bèèrè bóyá gọ́ọ̀mù máa ń yún oníbàárà lára, kó sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín irun ènìyàn àti irun ọ̀rá. Púpọ̀ nínú irun ènìyàn tó ń wọ ọjà wa ń wá láti Íńdíà àti Ṣáínà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, irun yìí ti wọ́n sí i. Bí èèyàn bá ṣi wíìgì yàn báyìí, owó oṣù rẹ̀ lè bá a lọ.

Gbígba owó lórí ìmọ̀ irun kì í ṣe ohun tuntun. Madam C. J. Walker, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Louisiana ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1867, dá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Lelia College sílẹ̀ ní Pittsburgh lọ́dún 1908. Dọ́là 25 ni wọ́n ń gbà fún ẹ̀kọ́ náà. Gbangba ni iye náà wà; ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ti mọ ohun tí yóò san kó tó wá.

Báwo wá ni a ṣe lè ṣírò rẹ̀? Ká sọ pé oníwíìgì kan ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, fún ọjọ́ 24 lóṣù. Wákàtí 192 nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ yóò bá ìrìn àjò ọjà, títún ṣọ́ọ̀bù ṣe àti ìdúró de oníbàárà lọ. Ó ku wákàtí 96. Bí owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti epo jẹnẹrétọ̀ bá jẹ́ ₦72,000 lóṣù, tí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ gba ₦120,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦192,000. Ẹ má jẹ́ kí ₦120,000 yẹn jọ yín lójú. Lọ́dún 2024, òfin gbé owó oṣù tó kéré jù lọ sí ₦70,000. Ẹ pín ₦192,000 sí ọ̀nà 96: wákàtí kan jẹ́ ₦2,000. Iye tí ẹnì kan ṣoṣo tó gba wákàtí kan yẹ kó san nìyẹn.

Ti ẹgbẹ́ ńkọ́? Ká ní ìdílé ìyàwó kan ní Ọ̀rà pè é láti Ìlá. Ìrìn àjò àti ọ̀rọ̀ sísọ gba wákàtí mẹ́ta, ₦6,000 nìyẹn. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦8,000. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wá, ₦800 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ₦800 lé olúkúlùkù lórí, tó wá jẹ́ mẹ́rin péré ló yọjú, ₦3,200 ni yóò mú délé, yóò sì pàdánù ₦4,800. Nítorí náà, odindi iye ni kó dá fún ẹgbẹ́, kí àwọn tó pè é pín in láàárín ara wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n wọn orí òun lọ́tọ̀, owó ẹnì kan ni kó san.

Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta. Èkíní, ẹ kọ iye owó méjèèjì sára ògiri, kí onílé àti àlejò lè rí i. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, ní abala 115, ti pàṣẹ pé kí oníṣòwò fi iye ọjà àti iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ó sì ní a kò gbọ́dọ̀ fipá gba ju iye tí a fi hàn lọ. Wíwo bàtà oníbàárà kí a tó dárúkọ owó kò bá òfin yìí mu.

Èkejì, àwọn kan máa ń sọ pé, “Bí ẹ bá ra wíìgì, a ó yọ owó ìmọ̀ràn kúrò.” Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí a bá yọ ọ́, orí wíìgì náà ni a ó tún gbé e lé, a ó sì padà síbi tí a ti ń bọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí a ti san owó ìmọ̀ràn fún lè fi ọkàn kan sọ pé, “Ìyá, ẹ má rà á, irun orí yín ṣì dára.” Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú títà nìkan, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣòro lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká ranti àwọn tí kì í ṣe oge ló gbé wọn wá: ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ fa irun rẹ̀ tu, ẹni tí irun iwájú orí rẹ̀ ti lọ nítorí dídì líle, ọmọ tí làpálàpá wà lórí rẹ̀. A kì í ṣí orí irú wọn láàárín àwùjọ. Yàrá tó ní ìlẹ̀kùn ni kí a ti rí wọn, ní iye kan náà tó wà lára ògiri. Ẹni tó bá nílò dókítà, kí a ní kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oníwíìgì bá sì fẹ́ ṣàánú, kó ya wákàtí mélòó kan sọ́tọ̀ lóṣù fún àwọn tí kò ní, kó sì yọ ọ́ nínú owó ọwọ́ tirẹ̀. Àánú tí a fi owó oníbàárà mìíràn ṣe láì sọ fún un kì í ṣe àánú.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, nígbà tí ẹ bá tún wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè owó ìmọ̀ràn kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì san án láì kùn. Àkókò rẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀.