Ẹ Má Kán Aláìsàn Lójú Nídìí Oúnjẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ọ̀fun ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú yín mọ àìsàn Parkinson, èyí tí ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n, tí ó sì ń mú ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àìsàn kan náà a máa mú iṣan ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Dókítà James Parkinson ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1817 pé oúnjẹ a máa ṣòro gbé mì fún wọn, itọ́ a sì máa ṣàn lẹ́nu wọn.

Síbẹ̀, títí di òní, bí bàbá bá pẹ́ nídìí oúnjẹ, a ó ní ó ń ṣe àgídí. Bí itọ́ bá ń ṣàn lẹ́nu ìyá, ojú a tì wá níwájú àlejò. Mo sọ ọ́ gbangba pé èyí kò dára. Kì í ṣe àgídí, kì í sì í ṣe àsàsí. Ẹni tí ń bọ́ aláìsàn ni ó yẹ kí ó yí ìwà padà, kì í ṣe aláìsàn.

Ewu ńlá ni ìkánjú. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí sún mọ́ra nínú ọ̀fun. Bí ọ̀nà èémí kò bá tètè pa dé, oúnjẹ tàbí omi a yà síbẹ̀, a sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóóró. Òtútù àyà tí ń ti ibẹ̀ wá wà lára ohun tí ń pa àwọn aláìsàn yìí jù. Ẹ kíyè sí ikọ́ nídìí oúnjẹ, ohùn tí ń dún bí ẹni pé omi wà lọ́fun, àti ara tí ń rù. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ húkọ́ rárá. Nítorí náà ẹ má fi àìhúkọ́ ṣe ẹ̀rí àlàáfíà.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ó jókòó gangan, kí ó má fẹ̀yìn lélẹ̀ jẹun, kí ó má sì tètè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Èkejì, kí òkèlè kéré. Kí ó gbé ọ̀kan mì tán kí òmíràn tó dé. Ẹ pa rédíò, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó jẹun ní àkókò tí òògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má gún òògùn náà láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, nítorí òmíràn wà tí a kò gbọdọ̀ fọ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀pà, búrẹ́dì gbígbẹ, àti gààrí tí a fi omi rẹ.

Bí oúnjẹ bá há a lọ́fun tí kò lè húkọ́ tàbí sọ̀rọ̀, ẹ má bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a gidi láàárín èjìká méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì ké pe ìrànlọ́wọ́.

Ẹ má dúró di ọjọ́ náà kí ẹ tó lọ sí ọsibítù. Ẹ sọ fún dókítà pé oúnjẹ kò lọ geere mọ́, kí ó lè rán yín sí ẹni tí ń yẹ ọ̀fun wò. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn tí wọ́n fi sùúrù bọ́ wa nígbà tí a kò ní eyín, sùúrù kan náà ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ wa.