Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo: kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó jókòó sínú ilé ìwádìí, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ọmọ wa, ó sì kan àpò wa.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò pé kí ọdún 2025 jẹ́ ọdún ìmọ̀ kúántọ̀mù káàkiri ayé, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí àwọn ohun tó kéré jù lọ ṣe ń hùwà. Ta ló gbé àbá náà lọ síwájú ìpàdé? Orílẹ̀-èdè Ghana ni. Ghana yìí kan náà tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ti ṣòwò, kí òfin ọdún 1969 tó lé wọn padà sílé. Bí ará Ghana bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun, kí ló dé táwa ó fi sọ pé kò kàn wá?

Kí là ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an? Òun ni horo iná. J. J. Thomson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1897. Bí iná tó tó ampere kan bá ń gba inú wáyà kọjá, horo tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà lọ́nà bílíọ̀nù ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Tẹ́nì kan bá wá ní òun fẹ́ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, kóun sì tì í mọ́lé, ṣé ẹ ò ní sọ pé ara rẹ̀ ò yá ni? Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú un, wọ́n sì ti tì í mọ́lé.

Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni Yunifásítì Delft ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Irú ohun tí kì í gbé iná tó irin, tí kì í sì í dí i pa bí ike, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ fóònù, ni wọ́n ń tò léra ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á fi irin tín-ín-rín sí orí rẹ̀, wọ́n á sì fi iná sí irin náà títí yóò fi lé àwọn horo iná yòókù sẹ́yìn, tí àgbàlá kékeré kan á ṣẹ́ kù. Ẹ pín mìlímítà kan tó wà lára rúlà sí ọ̀nà 10,000: àgbàlá náà ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan nínú rẹ̀ lọ. Wọ́n á wá mú gbogbo rẹ̀ tutù débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó -273, òtútù tó ga jù lọ láyé. Nítorí pé horo iná máa ń ti ara wọn dànù, bí ọ̀kan bá ti wọlé, èkejì ò ní ráyè wọlé àfi tí wọ́n bá fún un láyè, bí àchàbà tí kò gbé ju èrò kan lọ. Lọ́dún 2004, Jeroen Elzerman tó ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kéde pé àwọn lè wo horo kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, káwọn sì mọ apá ibi tó ń yí sí.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni gbogbo ayé ti ń fi iná tó wà lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣe ìpìlẹ̀ ampere. Nítorí náà, àwọn ilé ìwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń ka horo yìí kọjá níkọ̀ọ̀kan, bí ẹní ń ka owó. Èkejì ni kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1998 ni Daniel Loss àti David DiVincenzo dá a lábàá pé a lè fi irú horo bẹ́ẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà tuntun. Lọ́dún 2015, ilé iṣẹ́ Intel ṣèlérí mílíọ̀nù 50 dọ́là fún iṣẹ́ náà ní Delft. Ká má parọ́, kọ̀ǹpútà náà ò tíì di ohun tí gbogbo èèyàn ń lò.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí ọmọ bá ti mọ ìwé, dókítà tàbí lọ́yà la fẹ́ kó ṣe. Bó bá ní físíìsì lòun fẹ́, a ó ní ṣé ìyẹn náà ń jẹun ni? Ẹ gbọ́ o: ní Netherlands, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì, owó oṣù ni wọ́n ń gbà fún bí ọdún mẹ́rin. Ìwé sẹ́kọ́ńdírì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà kà mọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ká dínà mọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi kejì ni ti àwọn gbájúẹ̀. Àwọn kan ń gbé ẹ̀gbà ọrùn kiri, wọ́n ní agbára kúántọ̀mù wà nínú rẹ̀, pé ó ń wo ìtọ́ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ ìjọba Netherlands tó ń mójútó ọ̀rọ̀ ìtànṣán olóró kìlọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n rí ìtànṣán tó lè ṣèpalára lára wọn, wọ́n sì ní kẹ́ni tó ní in má wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ ti rí i pé inú òtútù tó le koko àti lábẹ́ ẹ̀rọ olówó iyebíye ni wọ́n ti ń mú horo kan ṣoṣo. Báwo ni yóò ṣe wá wà nínú ẹ̀gbà tí wọ́n ń tà lábẹ́ agboòrùn?

Àbá wa ni pé nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún ń pín owó ìrànwọ́ ìwé, ká wo ọmọ tó mọ ìṣirò àti físíìsì mọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà. Kí ẹni tí wọ́n bá sì ń ta ẹ̀gbà fún kọ́kọ́ bi olùkọ́ físíìsì kó tó sanwó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.