Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ tó ń bì

Olóòtú,

Àwa ìyá àgbà là ń kó bá ọmọ ọwọ́ nígbà mìíràn. Ọmọ tí ọmọ mi bí, bó bá mu ọmú tán, á bì í padà, á máa ké. Nígbà tó yá, a rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Èmi àti ará ilé ní ọmú ìyá ti bàjẹ́, kí wọ́n fún un ní mílíìkì agolo. Àṣé mílíìkì màlúù gan-an ni wàhálà!

Nọ́ọ̀sì ní bíbì nìkan kò ní nǹkan ṣe, ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ní kí ìyá má fi ṣeré: kó yé mu mílíìkì, kó má jẹ wàrà àti bọ́tà fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kó tún wá tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n kó máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Búrẹ́dì pàápàá, a ń bi ẹni tó ṣe é léèrè kí a tó rà á (wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa!). Ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun àti ẹ̀fọ́ ló ń jẹ dípò.

Ẹ̀jẹ̀ dá. Ọjọ́ tó tún fi mílíìkì sí tíì, kò pẹ́ tó tún yọjú. Ìgbà yẹn ni mo tó panu mọ́.

Èmi ni,
Ìyá àgbà aránṣọ,
Òṣogbo.